Mantis Inú Ọgbà: Ohun Tó Ń Ṣe, Àti Ohun Tí A Ń Sọ Nípa Rẹ̀

Ogbe ni apá ìlú Bìní tí ààfin Ọba wà. Ìtàn sọ pé láti ayé Ọba Ewuare, ní sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, ni ọ̀nà gbàrámù kan ti pín ìlú náà sí méjì: Ogbe fún Ọba àti àwọn ìjòyè ààfin, Orenokhua fún àwọn ará ìlú yòókù. Lóde òní, títì, ìsọ̀ àti ilé ló gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, òjò Bìní kì í ṣe kékeré, ibi tí àyè bá sì ti ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé, nǹkan ọ̀gbìn ni wàá bá níbẹ̀: ewúro, efinrin, ugu tó gun ògiri, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí o bá fara balẹ̀ wo inú àwọn ewé wọ̀nyí lásìkò òjò, ó ṣeé ṣe kí o rí kòkòrò kan tí òun náà dojú kọ ọ́.

Kòkòrò náà gùn tó ìka ọwọ́. Àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ti ewé tútù, ó sì lè jẹ́ ti igi gbígbẹ. Orí rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó rí i kì í gbàgbé ni ọwọ́ iwájú méjèèjì tó ká mọ́ àyà. Nítorí ìdúró yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é ní praying mantis, ìyẹn mantis tó ń gbàdúrà. Mantis ni n ó máa pè é nínú àlàyé yìí.

Ìdúró yìí wà lára ohun tó bí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa rẹ̀. Ẹnìkan á ní àdúrà ló ń gbà, ká má fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn á ní èpè ló ń ṣẹ́. Ẹnìkẹta á ní kì í ṣe ojú lásán, pé wọ́n rán an ni, á sì bọ́ bàtà láti fi lù ú pa. Kí á tó dá kòkòrò yìí lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń wá nínú ọgbà wa.

Oríṣi mantis tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ti kọ sílẹ̀ káàkiri àgbáyé lé ní 2,400, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń gbé. Ẹni tó bá rí i fìrí lè rò pé ẹbí tata ni, torí ara rẹ̀ gùn, ó sì ní ìyẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Aáyán àti ikán ni ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ. Tata a máa jẹ ewé. Mantis kì í jẹ ewé, kì í jẹ èso, kì í sì í ba irúgbìn jẹ́. Ẹran ni oúnjẹ rẹ̀: eṣinṣin, aáyán, ìrẹ̀, tata, labalábá, oyin, títí kan mantis ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹran ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ wà láàyè kó sì máa mira, torí ohun tó ń mira ni ojú rẹ̀ ń wá.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀kan nínú àwọn tí a sábà máa ń rí nínú ọgbà ni Sphodromantis lineola. Ó tóbi, ó sì ki. Òmíràn ni Phyllocrania paradoxa, tó kéré, tí gbogbo ara rẹ̀ rí bí ewé gbígbẹ tó ti ká kò. Ìwọ lè wò ó títí láì mọ̀ pé ẹ̀dá alààyè ni. Pseudocreobotra ocellata ní tirẹ̀ máa ń jókòó de ẹran lórí òdòdó, àmì róbótó tó jọ ojú sì wà lórí ìyẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Jẹ́ ká wá sórí ọwọ́ tó ká jọ yẹn. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni kòkòrò máa ń ní. Mẹ́rin tẹ́yìn ni mantis fi ń dúró, òun náà ló fi ń rìn. Méjì iwájú ti di ohun ìjà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní oríkèé láàárín, ó sì ń pa dé bí ọ̀bẹ tí abẹ rẹ̀ máa ń ká wọnú èèkù. Ẹ̀gún mímú tò lára apá òkè, ó tò lára apá ìsàlẹ̀. Bí ọwọ́ náà bá pa dé, ẹ̀gún méjèèjì á bọ́ sáàárín ara wọn, ohun tó bá wà láàárín wọn kò lè jáde mọ́. Nítorí náà, nígbà tí mantis bá ká ọwọ́ mọ́ àyà, kì í ṣe pé ó ń sinmi, kì í sì í ṣe pé ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ti múra tán láti mú ẹran ni.

Wò ó lórí ẹ̀ka ewúro. Eṣinṣin kan bà sórí ewé tí kò jìnnà sí i. Mantis kò sáré, kò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ yí, torí ọrùn rẹ̀ lè yí orí náà dé èjìká ọ̀tún àti dé èjìká òsì, ohun tí kòkòrò tó lè ṣe é kò wọ́pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, gẹ́gẹ́ bí atẹ́gùn ti ń mi àwọn ewé tó yí i ká. Iṣẹ́ méjì ni mímì náà ń ṣe. Àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí ẹran fura, torí ohun gbogbo ló ń mì níbẹ̀. Èkejì, ohun tó wà nítòsí máa ń dà bíi pé ó ń yẹ̀ ju ohun tó jìnnà lọ nígbà tí ẹni tó ń wò ó bá ń mì, nípa bẹ́ẹ̀ ni mantis fi ń mọ bí eṣinṣin náà ti jìnnà tó. Bí eṣinṣin bá ti wọ ibi tí ọwọ́ lè tó, ọwọ́ méjèèjì á ta síwájú, wọ́n á há a, wọ́n á sì padà sí àyà. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú èèyàn kò lè bá a. Ìwọ á kàn rí i pé eṣinṣin tó wà lórí ewé ti wà lọ́wọ́ mantis, ó sì ti ń jẹ ẹ́ láàyè. Bó bá jẹun tán, á fi ẹnu nu ọwọ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á tọ́ ẹ̀gún náà mọ́ níkọ̀ọ̀kan.

Ojú rẹ̀ náà yẹ fún àlàyé, torí ó wà lára ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Márùn-ún ni. Mẹ́ta kéékèèké wà láàárín orí, tí wọ́n ń mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn. Méjì ńlá ló fi ń ríran, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú wínníwínní ló sì so pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí o bá wo ojú ńlá yìí, wàá rí àmì dúdú kan nínú rẹ̀. Bí o bá rìn lọ sápá kejì, àmì dúdú náà á tẹ̀lé ọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé kòkòrò yìí ń ṣọ́ àwọn. Àmì ọ̀hún kì í ṣe ẹyinjú. Àwọn ojú wínníwínní tó dojú kọ ọ́ tààrà ni. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú wọn lápá ọ̀dọ̀ rẹ kì í padà síta, wọ́n á sì dúdú lójú rẹ. Ẹni méjì tó dúró sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ń wo mantis kan náà, kálukú wọn á rò pé òun ni ó ń wò.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Jenny Read jẹ́ aṣáájú wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ojú yìí. Wọ́n gé awò kékeré méjì, ọ̀kan aláwọ̀ búlúù, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, wọ́n sì fi ìda oyin lẹ̀ wọ́n síwájú ojú mantis. Wọ́n wá gbé e síwájú ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn, bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n to àwòrán kòkòrò kan lọ́nà tí yóò fi dà bíi pé ó wà nítòsí, mantis ta ọwọ́ sí i. Nígbà tí kò dà bíi pé ó wà nítòsí, kò dá a lóhùn. Èyí fi hàn pé mantis ń pa ohun tí ojú ọ̀tún rí pọ̀ mọ́ ohun tí ojú òsì rí, láti fi mọ bí nǹkan ti jìnnà tó. Àwa èèyàn náà ń pa ohun tí ojú wa méjèèjì rí pọ̀. Mantis tí wọ́n lò fún iṣẹ́ náà ni Sphodromantis lineola, irú èyí tó ń gbé nínú ọgbà wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. 

Etí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ mantis ní etí, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò sì sí lórí. Abẹ́ àyà ló wà, láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn onímọ̀ méjì, David Yager àti Ronald Hoy, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé ní 1986. Ohùn tí etí náà ń gbọ́ ga kọjá èyí tí etí èèyàn lè gbọ́: ohùn tí àdán kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò máa ń ké lóru láti fi wá oúnjẹ. Bí mantis tó ń fò bá gbọ́ ọ, á yí bìrí lófuurufú, á sì já wálẹ̀ kí àdán tó dé.

Kí ló wá ń gbé mantis fò lóru? Ìdáhùn yìí ló tú ìdí ọ̀rọ̀ pé wọ́n rán an. Akọ ló sábà máa ń fò, torí ara rẹ̀ fúyẹ́ ju ti abo lọ, abo ni akọ náà sì ń wá kiri. Iná a máa fà á, bó ṣe ń fa ọ̀pọ̀ kòkòrò alẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí eṣinṣin àti kòkòrò wẹ́wẹ́ bá ti ń yí gílóòbù po, oúnjẹ ti délẹ̀ nìyẹn. Bí iná ìjọba bá wá lọ ládùúgbò, tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tìrẹ nìkan ló ń dún, ojú fèrèsé tìrẹ ni mantis máa bà sí. Iná ló pè é, kò sí ẹni tó rán an.

Èpè tí wọ́n ní ó ń ṣẹ́ náà ní ohun tó fà á. Bí nǹkan ńlá bá dẹ́rù bà á, ẹyẹ, alángbá tàbí ọmọ tó fi igi gún un, mantis á nàró, á ya ọwọ́ iwájú sọ́tùn-ún àti sósì, á na ìyẹ́ sókè, á sì la ẹnu. Ó ń fẹ́ kí ara rẹ̀ tóbi lójú ọ̀tá ni. Kò ní oró, kò ní ìtá. Bí o bá fi ipá mú un, ẹ̀gún ọwọ́ rẹ̀ lè gún ọ, ó sì lè gé ọ jẹ díẹ̀; kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Itọ́ rẹ̀ kì í fọ́ ojú. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ ìgbà kan gbà pé itọ́ rẹ̀ lè pa ìbaaka, wọ́n tún ní ó lè fọ́ ojú èèyàn. Níbẹ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ ti gbilẹ̀ pé òfin wà tó ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá pa mantis. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sí.

Ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọlá ni wọ́n fún un. Nínú ìtàn àwọn San ní gúúsù Áfíríkà, ǀKaggen, ẹni àràmàǹdà tó dá nǹkan, tó tún kún fún ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, ni wọ́n so mọ́ mantis. Láàárín àwọn Mùsùlùmí ní àwọn ilẹ̀ kan, wọ́n ní Mẹ́kà ló máa ń dojú kọ. Ní Yúróòpù àtijọ́, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣìnà, kó bi mantis, yóò nawọ́ sí ọ̀nà ilé. Èmi kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó pa ìtàn náà ti wo kòkòrò náà dáadáa, wọ́n rí ọwọ́ tó nà àti orí tó ń yí. Ohun tí ọwọ́ náà wà fún gan-an ni kò tètè hàn sí wọn.

Ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù nípa mantis ni pé abo máa ń pa ọkọ rẹ̀ jẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ a ti bù mọ́ ọn. Ní 1886, ará Amẹ́ríkà kan, Leland Howard, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Science nípa akọ àti abo tí wọ́n jọ wà nínú ìgò. Abo jẹ orí akọ náà, síbẹ̀ akọ tí kò lórí mọ́ ṣì gùn ún. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Fabre, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ̀wé púpọ̀ lórí kòkòrò, ròyìn irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò ni ìgò ń jẹ́: àyè kò sí níbẹ̀ fún akọ láti sá, abo tí ebi sì ń pa kò ní ohun mìíràn láti jẹ. Ní 1987, àwọn onímọ̀ méjì, Liske àti Davis, tẹ ìwádìí jáde lórí mantis ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n bọ́ àwọn abo yó, wọ́n fi kámẹ́rà wò wọ́n láì dá wọn láàmú. Akọ ń jó níwájú abo, abo ń dá a lóhùn, wọ́n gun ara wọn, akọ sì lọ ní àlàáfíà.

Nítorí náà, oríṣi mantis àti ebi ló ń pinnu bóyá abo yóò jẹ akọ. Àwọn oríṣi kan wà tí abo wọn le ju ti àwọn yòókù lọ, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n. Níbi tó bá ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ìkà. Ní 2016, àwọn onímọ̀ William Brown àti Katherine Barry fi hàn pé ohun aṣaralóore inú ara akọ tí abo jẹ máa ń wọ inú ẹyin tí abo náà yé. Ti akọ tí kò lórí náà kì í ṣe idán: iṣan tó ń darí gígùn abo wà ní apá ikùn, orí ló sì ń dá a dúró. Bí orí bá lọ, kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́.

Lẹ́yìn gígùn, abo á wá ẹ̀ka igi tàbí ara ògiri. Á da orí kodò, á máa tú ìfófòó funfun jáde láti ìdí, á sì máa to ẹyin sínú rẹ̀ bó ṣe ń tú u. Ìfófòó náà á gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀, á le, á sì di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹyin inú àpò kan lè tó 100, ó sì lè kọjá 200. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ha á dànù lára fẹ́ńsì, wọ́n ṣe bí ẹrẹ̀ agbọ́n ni. Bí àwọn ọmọ bá jáde, wọ́n kéré tó èèrà, wọn kò ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ká ọwọ́ mọ́ àyà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọn kì í kọ́kọ́ di ìdin bíi ti labalábá. Wọ́n á máa bọ́ awọ, wọ́n á máa tóbi, títí awọ ìkẹyìn tí ìyẹ́ yóò fi jáde. Èèrà, aláǹtakùn, alángbá àti àwọn ọmọ ìyá wọn ló ń pa èyí tó pọ̀ jù jẹ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dàgbà, ẹ̀mí wọn kì í sì í sábà pé ọdún kan.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń dẹ́rù bani. Ẹlòmíràn á tẹ mantis, á sì rí aràn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yọ jáde ní ìdí rẹ̀, tí aràn náà gùn ju kòkòrò fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n á ní ẹ ò rí i bí, oògùn ni. Aràn gidi ni. Inú omi ló ti ń pamọ, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń jáde látinú omi ló ń gbé e, mantis á sì jẹ wọ́n. Á dàgbà nínú ikùn mantis, bó bá sì gbó, á mú kí mantis wá omi lọ, kí òun lè jáde síbẹ̀. Kì í gbé inú èèyàn.

Ǹjẹ́ mantis wúlò fún ọgbà? Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á ṣe àsọdùn rẹ̀. Kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú. Yóò jẹ tata tó ń jẹ ewé rẹ, yóò sì jẹ oyin tó yẹ kó bá ọ gbé àtíkè òdòdó elégédé kiri. Àwọn kòkòrò wínníwínní abẹ́ ewé kéré jù fún un nígbà tó bá ti dàgbà. Tata aláràbarà dúdú òun yẹ́lò tó máa ń bo ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, má retí pé mantis ni yóò kó o nílẹ̀. Tata yẹn máa ń jẹ ewé tí àwa Yorùbá ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ó ń kó májèlé inú rẹ̀ pamọ́ sára, ọ̀pọ̀ ohun tó ń jẹ kòkòrò sì ń yẹra fún un. Ibi tí mantis ti wúlò ni pé ó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀dá, aláǹtakùn, alángbá, agbọ́n, ẹyẹ, tí wọ́n jọ ń dín kòkòrò kù láì gba kọ́bọ̀.

Apakòkòrò ló ń ba àjọṣe yìí jẹ́. Dichlorvos tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀ sí Sniper kì í ṣa kòkòrò pa. Ó ń pa tata, ó ń pa oyin, ó ń pa mantis lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kòkòrò ajẹ̀wé kéékèèké a máa tètè bí sí i, wọ́n á sì tètè padà. Mantis tó ń pẹ́ kó tó dàgbà kì í tètè padà. Májèlé náà á tún kù sórí ewé tí o fẹ́ já sínú ọbẹ̀. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀, torí ó ti ń gbẹ̀mí èèyàn.

Bí mantis bá wọlé, pa iná inú ilé, tan ti ìta, tàbí na igi tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú rẹ̀; yóò gun un, kí o sì gbé e padà sórí ewé. Má fi ọwọ́ fún un lọ́rùn. Bí o bá rí àpò ẹyin rẹ̀ lára ògiri tàbí ẹ̀ka igi, fi í sílẹ̀. Bí kòkòrò ajẹ̀wé bá pọ̀ lórí ugu, fi ọwọ́ ṣà wọ́n láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kó o tó ronú kan oògùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé dúró wò ó bó ṣe ń mú eṣinṣin kí ẹnikẹ́ni tó gbé bàtà sókè.